Ta ló wà lẹ́yìn tafàtafà?

Ọ̀rọ̀ ọrun àti ọfà ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ogun kò dé o, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ni mo ń wò, láti Lẹ́kí títí dé Ajah níbi tí mò ń gbé, tí àwọn kan nínú wọn ti sọ ọfà títa di eré ìdárayá lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n ń sanwó fún ẹni tó ń kọ́ wọn, wọ́n sì ń sọ pé ó ń jẹ́ káwọn mọ irú ẹni táwọn jẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn dùn mọ́ mi, torí òótọ́ ni. Àmọ́ tí ẹ bá bi wọ́n pé níbo ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti wá, Japan ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà fíìmù Amẹ́ríkà. Ẹnu wọn kì í dé ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Ẹdẹ tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí, wọn kì í rántí rẹ̀ rárá.

Bẹ́ẹ̀, tafàtafà ló tẹ Ẹdẹ dó. Tìmì Àgbàlé ni, Ọlọ́fà-iná, ẹni tí wọ́n ní ọfà rẹ̀ máa ń gbé iná lọ síbi tó bá ń lọ. Aláàfin ló rán an lọ síbẹ̀ pé kó dí ọ̀nà mọ́ àwọn jagunjagun Ìjẹ̀ṣà tó ń yọ àwọn ará Ọ̀yọ́ lẹ́nu, títí dòní ni ọba ìlú náà sì ń jẹ́ Tìmì. Àlùfáà Samuel Johnson fi ọ̀rọ̀ náà sí ìgbà Aláàfin Kọ́rí. Àwọn mìíràn ní ìgbà Ṣàngó ni, bó sì ṣe wà nínú Ọba Kò So nìyẹn, eré tí Dúró Ládipọ̀ gbé lọ sí Berlin ní 1964. Nínú ìtàn ti Ṣàngó yìí, Gbọ̀nkáà ni wọ́n rán lọ mú Tìmì wálé. Gbọ̀nkáà kò bá a du agbára apá. Ọfọ̀ ló pè, oorun sì kun Tìmì, ni wọ́n bá gbé e lọ sí Ọ̀yọ́ tòun ti ọfà iná rẹ̀ nínú apó.

Lójú tèmi, ìdí ẹ̀kọ́ ọfà wà níbẹ̀. Apá Tìmì kò rọ, ọfà rẹ̀ kò sì tán. Ojú ló sùn. Ọ̀rọ̀ tí à ń lò lónìí fún ohun téèyàn ń lépa láyé, àfojúsùn, ojú ló dárúkọ, kò dárúkọ apá. Ojú téèyàn bá fi sùn nǹkan, kò gbọdọ̀ sùn.

Ọrun fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀yà púpọ̀. Igi tó ṣeé tẹ̀ tí kì í ṣẹ́ ni ara rẹ̀. Ọṣán ni okùn tó so orí igi náà méjèèjì pọ̀, awọ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Apó ni wọ́n ń kó ọfà sí. Àwọn àgbà ní ọṣán já, ọrún dọ̀pá. Ẹ wo òwe yẹn dáadáa. Igi náà kò yí padà, igi àná ni igi òní. Ohun tó sọ ọ́ di ọrun ni ìnira tí okùn ń fún un: igi fẹ́ nà, okùn ní kò ní í nà. Ọjọ́ tí ìnira yẹn bá tán, ẹ lè máa fi lé ewúrẹ́.

Ọfà ogun àti ọfà ọdẹ máa ń ní oró lẹ́nu. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣe oró náà ni ṣágere, igi tó ń fà mọ́ igi mìíràn, èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Strophanthus. Inú ẹbí igi yìí kan náà ni àwọn oníṣègùn Yúróòpù ti yọ oògùn àìsàn ọkàn jáde ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìwọ̀n ló yàtọ̀. Lugard fojú ara rẹ̀ rí ọfà ilẹ̀ wa: nínú ìrìn àjò rẹ̀ sí Nikki ní 1894, àwọn ará Bọ̀rgú ta á lọ́fà, ó bà á lórí, àmọ́ ó yè é. Ogún ọdún lẹ́yìn náà ló so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ di Nàìjíríà. Ohun tí ẹ bá fẹ́ rò nípa ọfà yẹn, ẹ rò ó. Èmi ò sọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹni tó di ọrun mú. Tó bá fa ọṣán, gígùn apá rẹ̀ ló máa sọ ibi tí ọṣán máa dé. Kò sí bó ṣe lè yá apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lò. Bí èémí rẹ̀ bá ń sáré, ọfà á gbọ́. Bí ọkàn rẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, ọfà á mọ̀. Ní ìdíje Òlíńpíìkì, mítà 70 ni wọ́n ti ń ta á, àárín àmì tó ń gba máàkì mẹ́wàá kò sì fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 12.2 lọ. Láti irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ìka kan ṣoṣo tó gbọ̀n díẹ̀ ti tó láti gbé ọfà gba ibòmíràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ọfà máa ń fi èèyàn han ara rẹ̀. Eugen Herrigel, ará Jámánì tó kọ́ ọ ní Japan ní àwọn ọdún 1920, kọ ìwé kan lórí rẹ̀ ní 1948 tó mú kí ọ̀rọ̀ náà kárí ayé. Èmi kò bá a jà. Àmọ́ bó ṣe ń dé etí àwọn ọmọ wa báyìí ni pé ìwọ nìkan ni, ìwọ àti ọkàn rẹ, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tiwa ti yà.

Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó ṣe ìsẹ̀fá ní ọdún tó kọjá. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ àgbà nínú ẹgbẹ́ aládùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ní òun kò fẹ́ rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nílé òun mọ́. Ṣàngótẹ̀dó ni ìyá náà ń gbé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Láti Ajah sí ibẹ̀ kò jìnnà, síbẹ̀ oṣù méje ni wọn kò fi rí ara wọn. Ní Sátidé kan ó gbé ọrun rẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé mi, irú ti ìgbàlódé tó ní kẹ̀kẹ́ kéékèèké lókè àti nísàlẹ̀, ó sì ta ọfà mẹ́fà sára àpò tó fi fóòmù kún. Gbogbo wọn ló lọ sápá òsì. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò rí i? Láti ìgbà tí màámi ti lé mi ni kò ti lọ sáàárín mọ́." Nígbà tó jókòó tán ló wá bi mí pé ṣé Ọ̀ṣọ́ọ̀sì kọ́ ló yẹ kóun bọ báyìí, torí òrìṣà tó ń dá rìn nínú igbó ni, tí kò nílò ẹnikẹ́ni.

Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

Ìtàn tí mo sọ fún un, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ. Ní Ilé-Ifẹ̀, lásìkò ọdún iṣu, wọ́n se àsè, wọn kò ránṣẹ́ pe àwọn ìyá wa, àwọn ẹlẹ́yẹ. Inú bí wọn. Wọ́n rán ẹyẹ ńlá kan wá, ó bà lé òrùlé ààfin, òjìji rẹ̀ sì bo agbo àsè mọ́lẹ̀. Ọba ní kí wọ́n wá àwọn tafàtafà. Ẹni tó ní ogún ọfà wá láti Ìdó, ó ta gbogbo rẹ̀, kò ba ẹyẹ. Ẹni tó ní ogójì wá láti Mọ̀ọ̀rè, òun náà ta á tán. Ẹni tó ní àádọ́ta wá láti Ìlàrẹ́, ó fọ́nnu kó tó bẹ̀rẹ̀, bákan náà ló rí. Wọ́n wá mú ẹni kan wá láti Ìrẹmọ tó jẹ́ pé ọfà kan ṣoṣo ló ní.

Ọmọ kan ṣoṣo ni lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìyá gbọ́ ibi tí wọ́n ń mú un lọ, ó sáré lọ sọ́dọ̀ babaláwo. Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ kù díẹ̀ kó kú tàbí kó là, ẹbọ ló máa sọ ọ̀kan. Ó pa adìẹ kan, ó la àyà rẹ̀, ó gbé e lọ sójú ọ̀nà, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí àyà ẹyẹ gba ẹ̀bùn yìí. Ní ìṣẹ́jú tí ọmọ rẹ̀ fa ọṣán láàfin, ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni ẹyẹ ṣí àyà sílẹ̀ láti gba ohun tí ìyá gbé wá. Ọfà kan wọlé. Ẹyẹ já lulẹ̀. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín, ta ló pa ẹyẹ? Ìbéèrè tí mo bi ọmọ náà nìyẹn, kò sì tètè dáhùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn láàfin kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà lójú ọ̀nà. Lójú tirẹ̀, òun nìkan ló dúró níwájú ọba, pẹ̀lú ọfà kan àti ikú. Ìyá náà kò rí ọrun, kò rí ẹyẹ. Kì í ṣe pé apá ọmọ kò dára o. Ká ní kò mọ ọfà ta, ẹbọ ìyá ì bá ṣí àyà ẹyẹ lásán. Kí ẹ má sì gbàgbé pé àwọn ìyá ló rán ẹyẹ wá, ìyá náà ló tù wọ́n lójú. Àárín ìyá sí ìyá ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ tó sì parí sí. Ọfà kàn gba àárín wọn kọjá ni.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí ọ̀pọ̀ wa nílé kò fi gbọ́ ìtàn yìí rí. Pierre Verger, ará Faransé tí Ifá sọ ní Fátúmbí, ló kọ ọ́ sílẹ̀, ní Bàhíà lórílẹ̀-èdè Brazil ni wọ́n sì ti ń sọ ọ́ jù báyìí. Verger kan náà ló sọ pé ìbọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nílé níbí, tó sì gbilẹ̀ lókè òkun. Ọ̀rọ̀ ọfà mìíràn ló wà nídìí ìyẹn. Johnson, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1921, sọ bí Aláàfin Awólẹ̀ ṣe kú ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Nígbà tí àwọn ìjòyè àti ọmọ ogun rẹ̀ kọ̀ ọ́, tí wọ́n fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i, ó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó jáde sí ojúde ààfin pẹ̀lú àwo amọ̀ kan àti ọfà mẹ́ta. Ó ta ọ̀kan sí àríwá, ọ̀kan sí gúúsù, ọ̀kan sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì gégùn-ún pé ibi gbogbo tí ọfà wọ̀nyí kọjú sí ni wọn yóò kó wọn lẹ́rú lọ. Lẹ́yìn náà ló fọ́ àwo mọ́lẹ̀, torí igbá tó fọ́ ṣì ṣeé tún ṣe, àwo tó fọ́ kò ṣeé tún ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní ègún, kó pè é bẹ́ẹ̀. Ogun abẹ́lé àti òwò ẹrú ló kó àwọn èèyàn wa gba orí òkun yìí lọ, òkun kan náà tó ń lu etí Lẹ́kí.

Kétu, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin báyìí, pàdánù ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ sọ́wọ́ Dahomey kó tó di pé Dahomey wó ìlú náà ní 1886. Ní Bàhíà, orúkọ Kétu ni ẹ̀ka ẹ̀sìn òrìṣà tó gbajúmọ̀ jù ń jẹ́, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni wọ́n sì ń pè ní ọba Kétu. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Irin tí ẹlẹ́gùn rẹ̀ ń mú lọ́wọ́ jó, ọrun àti ọfà tí alágbẹ̀dẹ rọ pọ̀ di ọ̀kan, ofá ni wọ́n ń pè é. Ọfà tí kì í kúrò lójú ọrun ni. Èrò tèmi ni pé ẹni tí wọ́n já gbà kúrò nílé kò ní fẹ́ kí ohun mìíràn tún kúrò lọ́wọ́ òun. Ìyálórìṣà Stella, tó ṣe olórí Opô Afonjá ní Salvador láti 1976 títí tó fi wàjà ní 2018 lẹ́ni ọdún 93, ọmọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni, Ọdẹ́káyọ̀dé ni orúkọ òrìṣà rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni níṣẹ́. Ní 1983, òun àti àwọn ìyálórìṣà mìíràn kéde pé àwọn kò ní fi òrìṣà pamọ́ sábẹ́ orúkọ àwọn ẹni mímọ́ Kátólíìkì mọ́. Nínú ìwé tó kọ ní 2006, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì tó ń fi hàn wá kì í ṣe ọdẹ tó sá fún èèyàn. Ayọ̀ ló ń dọdẹ rẹ̀ wálé.

Ní Cuba, ìtàn mìíràn ni wọ́n ń sọ, ó sì korò. Olófin ní kí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì bá òun wá ẹyẹ kan tó ṣọ̀wọ́n. Ó mú un, ó gbé e sílé. Ìyá rẹ̀ dé, kò mọ ti ẹni tó jẹ́, ó gbé ẹyẹ náà. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì padà dé, kò bá a, ó tún lọ mú òmíràn, ó gbé e fún Olófin. Olófin ní kó béèrè ohun tó bá fẹ́. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́, kí ọfà òun lọ wọ àyà olè tó jí ẹyẹ òun. Ó ta á sókè. Ọfà kì í ṣìnà lọ́wọ́ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Nígbà tó délé ló rí ibi tó lọ.

Mo wo ojú ọmọ náà nígbà tí mo sọ eléyìí. Ìtàn méjì ni, tafàtafà kan náà, ọwọ́ kan náà. Nínú èkíní, kò mọ̀ pé ìyá òun wà lẹ́yìn òun, ó sì là. Nínú èkejì, kò mọ̀ pé ìyá òun ló wà níwájú, ìbínú ló sì fi ṣe àmì. Ẹni tó bá ń wá ara rẹ̀ kiri pẹ̀lú ọrun lọ́wọ́, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ibi tí ìyá rẹ̀ dúró. Ó ní, "Bàbá, àwọn ni wọ́n lé mi o, èmi kọ́ ni mo lọ." Mo ní mo gbọ́. Mi ò sọ pé kó jù Ifá rẹ̀ nù kó lè tẹ́ ìyá lọ́rùn, mi ò sì ní í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń padà sí ìṣẹ̀ṣe báyìí, pàápàá ní apá ọ̀dọ̀ wa yìí, ń padà bíi pé igbó ni wọ́n ń sá lọ. Wọ́n ń gé ilé kúrò lára Orí. Ìyẹn kò sí nínú Ifá tí wọ́n kọ́ èmi.

Nípa igbó, ẹ gbà mí láyè kí n sọ gbólóhùn díẹ̀. Ìgbó Ẹfọ̀n wà lójú títì láàárín Lẹ́kí sí Ajah. Èmi gbà pé ẹfọ̀n, ẹran ńlá oníwo nì, ni orúkọ náà ń sọ, àmọ́ ẹni tó bá gbé ibẹ̀ lásìkò òjò lè ní ẹ̀fọn tó ń jẹni ni. Àwọn ọdẹ ló máa ń sọ ibi lórúkọ bẹ́ẹ̀. Lónìí, báńkì àti ilé alájà ló kún ibẹ̀. Igbó tó ṣẹ́ kù ní ìtòsí ni èyí tí àjọ Nigerian Conservation Foundation fi ọgbà yí ká ní Lẹ́kí láti 1990, hẹ́kítà 78, pẹ̀lú afárá olókùn tó gùn ní mítà 401 tó gba orí igi kọjá. Ọ̀bọ wà níbẹ̀, ọ̀nì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, tó sì fẹ́ mọ bí ojú ọdẹ ṣe ń ríran láìta nǹkan kan, kó wọ ibẹ̀ láàárọ̀ kutukutu, kó pa fóònù, kó jókòó.

Ohun tí mo ní kí ọmọ náà lọ ṣe kò le. Mo bi í pé kí ni orúkọ ìdílé tí wọ́n ti bí ìyá rẹ̀. Ó ronú títí, ó ní orúkọ kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọdẹ́ ni, àmọ́ ìyá òun ti gé Ọdẹ́ kúrò níwájú rẹ̀ kí wọ́n tó bí òun, Olú ló fi rọ́pò. Àwọn orúkọ báyìí pọ̀ láàárín wa, Ọdẹ́wálé, Ọdẹ́tọ́lá, Ọdẹ́kúnlé, ilé ọdẹ ni gbogbo wọn ti jáde wá, kì í sì í ṣe ìyá yìí nìkan ló gé e. Mo ní kó má lọ bá a jiyàn ẹ̀sìn. Kó kàn lọ bi í pé ta ni bàbá rẹ̀ àgbà, kí ló sì ń fi ọrun ṣe.

Ó lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ní ìyá òun dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò dáhùn ọ̀rọ̀ orúkọ rárá. Ó wo òun látòkè délẹ̀, ó wá ní ṣé òun ti jẹun. Ó ní òun dáhùn pé rárá, bẹ́ẹ̀ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀wà àgànyìn yó ní ibùdókọ̀ Ajah ni.